Ọ̀fìnkìn Tó Lé Lóṣù Mẹ́ta Kì í Ṣe Ọ̀fìnkìn Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ìjẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, gbogbo ìgbà tí imú mi bá ti dí, kẹ́míìsì tó wà lẹ́nu géètì ni mò ń sáré lọ. Gbólóhùn kan náà ni màá sọ: "Ẹ bá mi wo oògùn ọ̀fìnkìn tó dáa." Wọ́n á kó Ampiclox, Paracetamol àti hóró funfun kékeré kan tó máa ń múni sùn sínú ọ̀rá. Màá lò ó fọ́jọ́ mẹ́ta, màá wá tọ́jú ìyókù de ìgbà míì. Microbiology ni mò ń kà fún oyè másítà báyìí, ó sì ti wá hàn sí mi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìgbà kankan tí Ampiclox yẹn ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀fìnkìn náà ì bá lọ fúnra ẹ̀.

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Ẹ̀yin náà ń ṣe é, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe owó tá a fi ń ṣòfò lórí ọ̀fìnkìn lásán ló mú mi kọ èyí. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tí ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ọ̀fìnkìn rárá, tó sì ń gbé oògùn ọ̀fìnkìn mì láti oṣù dé oṣù. Èrò mi rèé, mi ò ní fi bò: bí imú bá ti ń yọ èèyàn lẹ́nu ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, ohun tó kàn kì í ṣe oògùn míì. Àyẹ̀wò ló kàn. Màá fi àrùn kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni rhinoscleroma.

Àwọn yàrá inú eegun ojú

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ilé tí à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Eegun ojú wa kì í ṣe eegun gbagidi látòkè délẹ̀. Àwọn yàrá kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń pè ní sáínọ́ọ̀sì. Oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àwọn kan wà níwájú orí lókè ojú, àwọn kan wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn kan wà láàárín ojú méjèèjì, àwọn tó kù sì wà lẹ́yìn imú pátápátá, nísàlẹ̀ ọpọlọ. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ògiri wọn nínú. Awọ yìí ń sun ikun díẹ̀díẹ̀, àwọn irun tí ojú lásán ò lè rí sì ń gbá ikun náà gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan bọ́ sínú imú. Tọ̀sán tòru niṣẹ́ yìí ń lọ, a ò kàn mọ̀ ni.

Bí fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn bá wọlé, awọ yẹn á wú, ẹnu ọ̀nà á dí, ikun á dúró sójú kan. Ìgbà yẹn lorí á máa fọ́ wa, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa wúwo, pàápàá tá a bá tẹ̀ ba. Nínú 100 àgbàlagbà tí ọ̀fìnkìn bá mú, àwọn tí bakitéríà máa bá a wọ sáínọ́ọ̀sì wọn kì í sábà ju 2 lọ. Bẹ́ẹ̀ bakitéríà ni áńtíbáyọ́tíìkì ń pa, kò rí ti fáírọ́ọ̀sì rò. Ẹni tó ń fi Ampiclox lé fáírọ́ọ̀sì dà bí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, tó fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn ilé.

Àní nínú àwọn 2 yẹn, àwọn bakitéríà tá a ti mọ̀ dáadáa ló sábà máa ń wà ńbẹ̀, bíi Streptococcus pneumoniae àti Haemophilus influenzae. Oògùn wọn wà, àwọn míì tó ní in sì máa ń gbádùn láì lo oògùn kankan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà ni ọ̀dọ̀ àwọn bakitéríà tó ṣọ̀wọ́n, tí wọn kì í ṣe kánkán, tí wọn kì í sì í fẹ́ lọ.

Àrùn tó tan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ

Bakitéríà tó ń fa rhinoscleroma ń jẹ́ Klebsiella rhinoscleromatis. Ìbátan Klebsiella pneumoniae ni. Kódà, bí wọ́n ṣe ń to ìdílé wọn lóde òní, ẹ̀ka kan lára K. pneumoniae ni wọ́n kà á sí. Inú imú ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó lè wọ sáínọ́ọ̀sì, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun.

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí àrùn yìí ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ní àkọ́kọ́, ó jọ ọ̀fìnkìn tí kò fẹ́ lọ: ikun tó ń rùn, èépá tó ń dì sínú imú, imú tó ń dí. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù. Ní ìpele kejì, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú imú. Imú á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, ìrísí ẹ̀ á yí padà, ohùn èèyàn lè há. Ní ìpele kẹta, àpá líle á dì síbi tí ẹran yẹn wà, á sì mú kí ọ̀nà èémí fún. Tó bá ti dé ọ̀nà ọ̀fun, ó lè di pé kí wọ́n la ọrùn kí aláìsàn tó lè mí.

Ta ló sábà máa ń mú? Ibi tó yẹ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á dúró sí rèé: àwọn tó wà láàárín ọdún 10 sí 30 ló pọ̀ jù. Ó wà ní Íjíbítì, ó wà ní Uganda, ó wà ní Guatemala àti El Salvador, ó wà ní Indonesia, ó sì ti wà ní àwọn apá kan ní ìlà oòrùn Yúróòpù. Kì í ràn bí ìgbà tí èèyàn kan sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń gba kéèyàn pẹ́ gan-an nítòsí ẹni tó ní in, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ níbi táwọn èèyàn ti há mọ́ra, tí owó ò sì sí.

Ẹ wo ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1870, ní Vienna, ọ̀jọ̀gbọ́n Ferdinand von Hebra ṣàpèjúwe àrùn náà. Gbajúmọ̀ dókítà awọ ara ni, kò sí ẹni tó máa ní kò mọṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tó rò ni pé kókó burúkú bíi jẹjẹrẹ ni. Lọ́dún 1877, Johann von Mikulicz gbé ẹran náà sábẹ́ mákirósíkóòpù, ó sì rí i pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ara tó ń bá nǹkan jà ló rí, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá kan tí inú wọn dà bí ọṣẹ tó hó. Lọ́dún 1882, Anton von Frisch rí bakitéríà náà fúnra ẹ̀. Ọdún 12 gbáko ló wà láàárín ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n fojú wò ó, tó sì sọ ohun tí kò jẹ́, àti ìgbà tí wọ́n mọ ohun tó ń fà á. Tí Hebra bá lè fojú wò ó kó ṣì í, ṣé èmi tàbí ẹni tó ń ta oògùn lẹ́nu géètì la fẹ́ fojú wò ó ká mọ̀ ọ́n?

Ìdí tí oògùn ọjọ́ márùn-ún kò fi lè ṣe é

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí Mikulicz rí yẹn ni wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pè dòní. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ wọn gan-an, torí pé wọ́n jẹ́ ká lóye gbogbo wàhálà yìí.

Ara wa ní àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ kan tí iṣẹ́ wọn ni láti gbé bakitéríà mì, kí wọ́n sì pa á sínú. Nínú rhinoscleroma, ẹ̀ṣọ́ gbé bakitéríà mì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè pa á. Ńṣe ni ẹ̀ṣọ́ náà á wú, bakitéríà á wá máa gbé inú ẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá mú olè, tó tì í mọ́lé, tí olè wá sọ àtìmọ́lé di ilé ara ẹ̀.

Oògùn tó máa pa á gbọ́dọ̀ lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Èyí tí kò lè wọlé dáadáa, ìwọ̀nba bakitéríà tó wà lóde ló máa rí pa. Ikun á dín kù, òórùn á dín kù, aláìsàn á ní, "Áà, oògùn yìí jẹ́ o!" Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á tún jáde. Ó tún di kẹ́míìsì, oògùn tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀. Ara tó ń yá díẹ̀ lẹ́yìn oògùn kọ̀ọ̀kan ló ń tan èèyàn jẹ jù. Bí oògùn ò bá ṣe nǹkan kan rárá, aláìsàn ì bá ti gbéra lọ sọ́sípítù.

Ní ti ìtọ́jú tó péye, oṣù ni wọ́n fi ń kà á. Streptomycin, tí wọ́n ṣàwárí lọ́dún 1943, wà lára àwọn oògùn àkọ́kọ́ tó ran àwọn tó ní àrùn yìí lọ́wọ́, àmọ́ ó lè ba etí jẹ́. Lóde òní, tetracycline tàbí ciprofloxacin ni wọ́n sábà máa ń lò. Ciprofloxacin dára fún un torí pé ó máa ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ yẹn. Kì í ṣe pé mo ní kẹ́ ẹ lọ rà á o! Ciprofloxacin lè ṣe iṣan ẹsẹ̀ léṣe, tetracycline sì lè pa eyín ọmọdé láró. Dókítà ló ń yàn án, dókítà ló sì ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Níbi tí ẹran tàbí àpá bá ti dí ọ̀nà, iṣẹ́ abẹ á wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, wọ́n ṣì máa ń tún àyẹ̀wò ṣe, torí àrùn yìí mọ bí wọ́n ṣe ń padà wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní láàbù

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà. Wọ́n lè gbin ohun tí wọ́n mú nínú imú sórí oúnjẹ bakitéríà nínú abọ́ pẹlẹbẹ, bíi MacConkey agar, kí wọ́n wo ohun tó máa hù. Wọ́n sì lè gé ẹran díẹ̀ níbi tó ń dùn ún, kí wọ́n wá àwọn sẹ́ẹ̀lì Mikulicz nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbìn nìkan ò tó, torí nǹkan bí 50 sí 60 nínú 100 àwọn tó ní àrùn yìí ni bakitéríà náà máa ń hù fún. Ẹran tí wọ́n gé yẹn ló sábà máa ń tú àṣírí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí níbi iṣẹ́. Èèyàn á ti lo áńtíbáyọ́tíìkì oríṣi mẹ́ta nílé, á wá gbé ohun àyẹ̀wò wá láàárọ̀ ọjọ́ tó gbé èyí tó kẹ́yìn mì. A ó gbìn ín, a ó dúró, abọ́ á mọ́ lóló. Èsì á ní kò sí nǹkan kan. Inú ẹ̀ á dùn, á máa lọ sílé, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe é ṣì wà lára ẹ̀. Oògùn yẹn ò lágbára tó láti wò ó sàn, àmọ́ ó lágbára tó láti fi í pa mọ́ fún wa. Nítorí náà, tí ẹ bá ń bọ̀ wá ṣàyẹ̀wò, ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò, kódà èyí tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Kò sẹ́ni tó máa bú yín.

"Àyẹ̀wò wọ́n, dókítà ò sí"

Mo ti ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Owó àyẹ̀wò dà? Dókítà etí, imú àti ọ̀fun mélòó ló wà ní ìlú wa? Èèyàn á tò láti ìdájí, wọ́n á ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kẹ́míìsì wà níwájú ilé, kì í yan lódì, ó sì ń ta oògùn lẹ́yọ-lẹ́yọ fún ẹni tówó ẹ̀ ò pọ̀.

Òótọ́ ni, mi ò ní jiyàn. Ẹni tó ń lọ sí kẹ́míìsì kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó wà nítòsí ẹ̀ ló lò. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kí gbogbo ẹni tó sín máa lọ rí dókítà àgbà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká fi owó síbi tó máa ṣiṣẹ́. Ọ̀fìnkìn ọjọ́ mẹ́rin ò nílò áńtíbáyọ́tíìkì, ẹ tọ́jú owó yẹn. Ọ̀fìnkìn oṣù mẹ́rin ò nílò áńtíbáyọ́tíìkì ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ẹ kówó yẹn lọ sí àyẹ̀wò. Ẹ ro iye tí ẹnì kan máa ti ná lórí oògùn tí wọ́n fi ojú yàn fún un láàárín oṣù mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó sọ pé àyẹ̀wò wọ́n.

Gbèsè kan tún wà tí gbogbo wa jọ máa san. Lọ́dún 2019, nǹkan bí 1.27 mílíọ̀nù èèyàn ló kú kárí ayé torí bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́. Klebsiella pneumoniae, ìbátan tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, wà lára àwọn mẹ́fà tó pa èèyàn jù. Gbogbo ìgbà tá a bá lo oògùn ní ìlàjì, bakitéríà ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ míì: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí imú wọn ti dí ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ, kì í ṣe rhinoscleroma ló ń ṣe wọ́n. Ó lè jẹ́ awọ inú imú tó ń wú torí ohun tí ara ò fẹ́, bí eruku tàbí èéfín. Ó lè jẹ́ ẹran jẹ̀lẹ̀njẹ̀lẹ̀ tó hù nínú imú, tí ohun tí dókítà máa fún un láti fín símú lè tọ́jú ẹ̀. Ó lè jẹ́ eyín òkè tó jẹrà, tí ọyún ẹ̀ gba gbòǹgbò wọ sáínọ́ọ̀sì ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó jẹ́ pé oníṣègùn eyín ló máa bá a yanjú ẹ̀. Ó lè jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ wò ó dáadáa: Ampiclox ọjọ́ márùn-ún ò wo ọ̀kankan sàn nínú wọn. Bí èèyàn ò tiẹ̀ ní rhinoscleroma láyé ẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣe kò yàtọ̀.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Bí ọ̀fìnkìn bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un láyè ọjọ́ 10. Ẹ sinmi, ẹ mu omi, ẹ lo oògùn ara ríro. Ẹ lè fi omi oníyọ̀ fọ imú, àmọ́ kó jẹ́ omi tẹ́ ẹ sè, tẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù, kì í ṣe omi ẹ̀rọ lásán.

Ẹ lọ rí dókítà tí kò bá sàn lẹ́yìn ọjọ́ 10, tàbí tó bá fẹ́ lọ, tó tún wá le sí i. Bákan náà ni tí ibà tó dé 39°C, ikun tó dà bí ọyún àti ojú dídùn bá jọ wà fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tí ojú bá wú, tí èèyàn bá ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí iwájú orí bá wú, tí orí bá ń fọ́ burúkú tí ọrùn sì gan, tàbí tí èèyàn bá ń sọ kántankàntan, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọpọlọ ò jìnnà sí sáínọ́ọ̀sì. Ọ́sípítù lọ́jọ́ náà ni.

Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 12, tàbí tí ihò imú kan ṣoṣo bá ń rùn tàbí ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí imú bá ń yí ìrísí padà, ẹ má ra oògùn míì mọ́. Ẹ ní kí wọ́n juwe dókítà etí, imú àti ọ̀fun fún yín. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí lẹ rò pé ó ń ṣe mí? Àyẹ̀wò wo ló máa jẹ́ kó dá wa lójú? Ṣé ẹ máa wo inú imú, kẹ́ ẹ sì gé ẹran díẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí nǹkan? Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè, kì í ṣe àfojúdi.

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé ẹ̀ ló kù kan. Ńṣe la sọ ọ̀rọ̀ yẹn di àwáwí, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí oògùn ò bá jẹ́, a tún máa ń fi òmíì kún un. Tó bá ti di oṣù mẹ́ta tí imú ò gbádùn, ewé tó kù wà ní láàbù. Ẹ lọ wá a níbẹ̀.